Adágún tí Oúnjẹ Kún, tí Àrọ̀ Kò Sanra: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ìta-Ògbólú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje, kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìta-Ògbólú. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíákíá, pé ẹnì kan ti da májèlé sínú adágún ẹja àwọn. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀ láti Àkúrẹ́, ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣú fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ẹja epìyà sì ti léfòó káàkiri ojú omi, ikùn wọn kọjú sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ń fi àwọ̀n kékeré kó wọn sínú korobá. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn jókòó sórí òkúta lẹ́bàá omi, wọn kò sì sọ ohunkóhun títí mo fi kí wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí kí wọ́n tó ronú kan ọlọ́pàá. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nítorí pé ikú ẹja òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọ̀ràn gan-an. Ọ̀ràn náà ti wà nínú omi yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kó ẹja sínú rẹ̀, ikú ẹja kàn jẹ́ kí ó hàn sójú ni.

Bí adágún méjèèjì ṣe wà

Adágún méjì ni Ẹ̀gbọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Odò kékeré kan tó ń ṣàn lẹ́yìn oko ni wọ́n ti ń fa omi sínú méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, wọ́n kó 300 ọmọ àrọ̀ sínú adágún òkè, wọ́n sì ń fún wọn ní oúnjẹ ẹja tó ń léfòó, èyí tí a ń rà ní àpò oní-kílò 15. Iṣẹ́ tí gbogbo olówò ẹja ń ṣe ni èyí, kò mú àríyànjiyàn wá.

Adágún ìsàlẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n dá ọgbọ́n tiwọn sí. Owó oúnjẹ ẹja ti ga ju ohun tí apá wọn ká lọ, wọ́n sì ti gbọ́ pé ẹja epìyà a máa jẹ ewéko wẹ́wẹ́ tí ń sọ omi di àwọ̀ ewé, pé àrọ̀ náà a sì máa jẹ ọmọ epìyà. Wọ́n wá ń kó ìgbẹ́ adìyẹ láti ọgbà adìyẹ kan tó wà nítòsí, wọ́n ń dà á sínú omi. Ìgbẹ́ adìyẹ yóò sọ omi di àwọ̀ ewé, epìyà yóò jẹ ẹ́, epìyà yóò bímọ bí wọ́n ti máa ń bí i láìdábọ̀, àrọ̀ yóò jẹ ọmọ wọn, Ẹ̀gbọ́n yóò ta àrọ̀. Kílò mẹ́ta epìyà, akọ àti abo, àti 80 ọmọ àrọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó gíráàmù 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n retí pé bí oṣù mẹ́fà bá pé, àrọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti tó kílò kan tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi nígbà náà ni pé, "Oòrùn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Kí n má purọ́, mo yìn wọ́n. Èrò náà kò ní àbùkù ní oríkèé kankan: lóòótọ́ ni epìyà ń jẹ ewéko inú omi, lóòótọ́ ni àrọ̀ ń jẹ ọmọ epìyà, àwọn tó ń sin epìyà mìíràn a tilẹ̀ máa fi àrọ̀ díẹ̀ sí i kí ọmọ má baà kún omi jù. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè iye tí ń kọjá láti oríkèé kan sí èkejì. Èmi tí ó yẹ kí n bèèrè kò bèèrè.

Ohun tí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn fi hàn

Kí a tó dé orí ìwọ̀n, a ní láti mú ọ̀rọ̀ májèlé kúrò nílẹ̀ ná, nítorí pé Ẹ̀gbọ́n ti ń ka orúkọ àwọn ènìyàn tí wọn kò bá ṣe dáadáa mọ́. Ohun mẹ́ta ni mo tọ́ka sí fún wọn létí omi. Èkíní, kò sí àrọ̀ kan ṣoṣo nínú òkú ẹja náà. Àwọn àrọ̀ wà láàyè, wọ́n ń wá sókè léraléra láti gbé afẹ́fẹ́ mì, wọ́n sì ń padà lọ sísàlẹ̀. Àrọ̀ ní ohun kan tí ó pẹ̀ka bí igi kékeré lẹ́bàá ìjàgbọ̀n rẹ̀, òun ni ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, epìyà kò sì ní irú rẹ̀. Èkejì, àkèré ń fò nínú koríko etí omi, kòkòrò tí ń sáré lórí omi sì ń sáré kiri. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó, tí àwọn ènìyàn burúkú a máa dà sínú odò láti fi pẹja, kì í ṣa ẹni tí yóò pa. Ẹ̀kẹta, àwọn epìyà ńlá ló pọ̀ jù nínú òkú náà, àwọn kéékèèké ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ létí omi tí ẹnu wọn kan òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá tán nínú omi, àwọn tó tóbi ló ń kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà mo ti apá mi bọ inú omi. Kí omi tó dé ọrùn ọwọ́ mi dáadáa, n kò rí ìka mi mọ́. Omi náà ki bí ọbẹ̀ ewédú tí a lọ kúnná, ó sì ń rùn díẹ̀. Ìgbà yìí ni ìyàwó Ẹ̀gbọ́n sọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n kò tíì sọ fún mi, pé nígbà tí àwọn rí i nínú oṣù Kẹfà pé àrọ̀ kò dàgbà, ṣe ni àwọn sọ ìgbẹ́ adìyẹ di ìlọ́po méjì.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ọ́síjìn inú omi wá ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Mílígíráàmù 0.8 péré ni ó wà nínú lítà omi kan ní adágún ìsàlẹ̀. Ní adágún òkè, tí kò ju mítà mẹ́wàá lọ sí i, 4.1 ni. A ṣí omi odò sínú adágún náà, a sì jẹ́ kí èyí tó wà nínú rẹ̀ máa jáde nísàlẹ̀. Ní ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn ti padà dé, a wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ju 12 lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́bọ̀, ó ti já sí 1.6.

Ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru yìí ló ṣe pàtàkì, nítorí pé nínú rẹ̀ ni a ti lè fojú rí bí agbára ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde. Bí oòrùn bá wà lókè, ewéko wẹ́wẹ́ inú omi ń gba ìmọ́lẹ̀, ó ń fi ṣe oúnjẹ sínú ara rẹ̀, ọ́síjìn sì ni ìdọ̀tí iṣẹ́ náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n èémí kò dúró: ewéko ń mí, kòkòrò ń mí, ẹja ń mí, àwọn ohun kékeré tí ń jẹ ìgbẹ́ adìyẹ ní ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ náà ń mí. Gbogbo wọn ń jó oúnjẹ tí a kó jọ ní ọ̀sán, bí ẹni tí ń dáná igi, wọ́n sì ń lo ọ́síjìn fún un. Ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ṣú láìsí oòrùn túmọ̀ sí òru mẹ́ta tí a ná owó láìsí ọ̀sán tí a pa á wọlé. Adágún tí ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè là á já.

Ẹ̀gbọ́n gbà pé kò sí májèlé. Wọn kò tíì gbà pé èrò àwọn ló ní àṣìṣe, wọ́n sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ikú ẹja kò tíì ṣàlàyé ìdí tí àrọ̀ fi kéré.

Bí a ṣe ṣírò rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án, a fa omi adágún méjèèjì gbẹ, a sì gbé sìkélì kọ́ sára igi ọsàn. Láti adágún òkè, àrọ̀ 276 jáde, gbogbo rẹ̀ sì wọ̀n 234 kílò. Àpò oúnjẹ 19 ni wọ́n ti jẹ, èyí tí ó jẹ́ 285 kílò. Láti adágún ìsàlẹ̀, àrọ̀ 62 péré ni a rí nínú 80, kílò 13 ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 210 lọ. Mo fura pé ẹyẹ apẹja kó díẹ̀ nínú àwọn tó kù, àwọn àrọ̀ sì jẹ ara wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Epìyà jẹ́ kílò 46, ọ̀pọ̀ wọn kò sì gùn ju ìka lọ. Bí a bá fi kílò 9 tó kú ní oṣù Keje kún un, ó di 55.

Ẹ̀gbọ́n wo kílò 13 yẹn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé àwọn tó ta ọmọ ẹja fún mi kò ta àràn fún mi báyìí?"

Mo bẹ̀ wọ́n kí a jọ ṣírò kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Òṣùwọ̀n tí mo lò ni yúníìtì iná mànàmáná, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń ra iná ní ìlú wa ló mọ bí yúníìtì kan ṣe ń lọ. Agbára ni agbára, ì báà wà nínú wáyà, ì báà wà nínú iṣu, ì báà wà nínú ara ẹja. Oòrùn tí ń ràn ní agbègbè wa ń gbé nǹkan bí yúníìtì 4 sí 5 wá sórí mítà kan níbùú lóròó lójoojúmọ́. Adágún Ẹ̀gbọ́n jẹ́ 200 irú mítà bẹ́ẹ̀, nítorí náà bíi 900 yúníìtì ń bọ́ sórí rẹ̀ lójúmọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, nítorí pé ilé wọn kò lo tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù kan.

Ṣùgbọ́n ewéko inú omi kò lè lo èyí tí ó ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ó ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ tí kì í ṣe irú èyí tí ewéko ń lò. Nínú èyí tó kù, apá kan ta padà lójú omi, omi fúnra rẹ̀ gba apá kan, ewéko náà sì jó apá kan láti fi wà láàyè. Nínú adágún bí irú èyí, bí ìdá ààbọ̀ nínú 100 bá di oúnjẹ tí ẹlòmíràn lè jẹ, ó gbìyànjú. Ìyẹn jẹ́ yúníìtì 4 ààbọ̀ lójúmọ́ nínú 900.

Láti ibẹ̀ lọ, àpèjúwe tí Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn mú wá ló dára ju tèmi lọ. Wọ́n ní ó dà bí ayé àwọn baba wa, tí ẹni tó ru ẹrù láti oko yóò san owó bodè ní ẹnu ibodè ìlú kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tó gbé 1,000 iṣu kúrò lóko, tí oníbodè kìíní gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, yóò kọjá pẹ̀lú 100. Oníbodè kejì yóò fi mẹ́wàá sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹta yóò fi ẹyọ kan. Kò sí olè nínú wọn. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ń jẹ ohun tí ó gbà ni, ohun tí ó sì jẹ kò sí mọ́ fún ẹni tó wà níwájú.

Epìyà ni oníbodè tí a lè wò dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú yúníìtì 4 ààbọ̀ tí ewéko kó jọ, kò jẹ gbogbo rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ kú, ó sì rì sínú ẹrẹ̀. Nínú èyí tí ó jẹ, kò lè da gbogbo rẹ̀, èyí tó kù bá ìgbẹ́ lọ. Nínú èyí tí ó dà, ó fi lúwẹ̀ẹ́, ó fi mí, ó fi sá fún àrọ̀, ó fi lé epìyà mìíràn kúrò nínú ìtẹ́ rẹ̀. Abo rẹ̀ a máa kó ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa, kì í sì í jẹun dáadáa ní gbogbo àkókò náà. Mo mú abo kan nínú korobá tí a kó jọ, mo tẹ àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀, ẹyin wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹja náà kò gùn ju ìka mẹ́rin lọ. Gbogbo ohun tí ó jẹ láti oṣù bíi mélòó kan ni ó ti fi ṣe ọmọ dípò ẹran ara. Ohun tó wà lára epìyà lẹ́yìn gbogbo ìnáwó wọ̀nyí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn ìdajì yúníìtì lójúmọ́ ó dín díẹ̀. Kílò kan epìyà tútù ní agbára tí ó tó yúníìtì 1.4 nínú. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún 180 ọjọ́, ó yẹ kí epìyà tí adágún náà lè ṣe wà ní àyíká kílò 58. Kílò 55 la ti rí, ká má tíì ka èyí tí àrọ̀ jẹ.

Bí àrọ̀ bá sì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá nínú ìyẹn, a dé orí kílò 5 tí ó lè kún ara wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Àrọ̀ 62 náà fi nǹkan bíi kílò 12 kún ara ní tòótọ́, nítorí pé àrọ̀ kì í dúró de epìyà nìkan: ó ń jẹ ekòló inú ẹrẹ̀, ó ń jẹ kòkòrò tó jábọ́, ó ń jẹ ọmọ àkèré, ó tilẹ̀ ń jẹ nínú ìgbẹ́ adìyẹ náà, tí àgbàdo tí adìyẹ kò dà tán ṣì kù nínú rẹ̀. Gbogbo wọ̀nyẹn jẹ́ ọ̀nà tí kò gba ẹnu ibodè epìyà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó retí kílò 60 láti ọ̀dọ̀ oòrùn tí ó ti san owó bodè lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí kò sí nínú adágún náà ló ń retí, ì báà jẹ́ ọmọ ẹja tó dára jù lọ ní Nàìjíríà ni ó rà.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí mo ń pè yìí kì í ṣe òfin tí a fi irin kọ. Raymond Lindeman, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò yìí láti ìpele dé ìpele lórí adágún kékeré kan ní Minnesota, rí i pé ewéko ibẹ̀ gba ìdá 0.1 péré nínú 100 agbára oòrùn, pé àwọn tó ń jẹ ewéko gba bíi 13 nínú 100 ohun tó wà lára ewéko, àwọn tó ń jẹ wọ́n gba bíi 22 nínú 100 ohun tó wà lára wọn. Àwọn olùyẹ̀wò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, olùkọ́ rẹ̀ ló bá a bẹ̀bẹ̀, ó sì jáde ní 1942 lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kú ní ọmọ ọdún 26. Iye náà lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 20. Kò tíì sí ibi tí ó ti jẹ́ 100.

Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n kì í gba nǹkan gbọ́ nítorí pé a kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n tọ́ka sí adágún òkè, wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ ń sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kílò 285 oúnjẹ wọlé síbẹ̀, kílò 234 ẹja jáde. Níbo ni oníbodè tirẹ̀ wà?"

Ìbéèrè yìí ló mú mi ronú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, n kò sì fẹ́ fò ó. Omi ló ń tan ojú wa jẹ. Oúnjẹ inú àpò gbẹ, omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 10 nínú 100 lọ, nígbà tí ìdá 70 àti jù bẹ́ẹ̀ nínú ara ẹja tútù jẹ́ omi lásán. Kílò kan oúnjẹ náà gbé yúníìtì 5 àti díẹ̀, kílò kan àrọ̀ tútù gbé yúníìtì 1.7. Bí a bá fi agbára díwọ̀n agbára, nǹkan bí 1,500 yúníìtì wọlé, bíi 400 sì wà lára ẹja. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìyẹn. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ nítorí pé ẹja kì í dáná mú ara rẹ̀ móoru bí adìyẹ tàbí màlúù, omi ló ń gbé e ró, oúnjẹ náà sì wá bá a lójú omi láìsí pé ó lé e. Síbẹ̀, mẹ́ta nínú mẹ́rin ti jó.

Àpò yẹn náà kò bọ́ láti ọ̀run. Sóyà wà nínú rẹ̀, ó ti gba oòrùn nínú oko kan, ìyẹ̀fun ẹja sì wà nínú rẹ̀, ẹja tí ó ti jẹ ohun mìíràn nínú òkun kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Owó bodè tí a kò rí ní Ìta-Ògbólú, a ti san án níbòmíràn. Iye owó tí wọ́n kọ sára àpò ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó rú Ẹ̀gbọ́n lójú, mo sì rò pé òun ló rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wọ́n ní ṣebí ohun gbogbo ń yípo nínú adágún: ẹja ń yàgbẹ́, ìgbẹ́ ń bọ́ ewéko, ewéko ń bọ́ ẹja. Kí ló dé tí ohun tó jó kò padà? Òtítọ́ ni pé náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ìgbẹ́, èròjà tí ń mú ewéko dàgbà, a máa yípo, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ogún ìgbà, bí àwo tí a ń fọ̀ tí a sì tún ń bu oúnjẹ sí. Agbára ni oúnjẹ inú àwo náà. Bí ẹja bá ti fi lúwẹ̀ẹ́, ó ti di ooru, ooru náà ti wọ inú omi, omi ti tú u sínú afẹ́fẹ́ òru, kò sì sí ewéko tó lè fi ooru ṣe oúnjẹ. Ìdí nìyí tí oòrùn fi gbọ́dọ̀ ràn ní ọ̀la. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sọ ìgbẹ́ adìyẹ di ìlọ́po méjì, àwo ni wọ́n sọ di púpọ̀ jù. Ewéko ki tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n ọrùn ọwọ́ mi, gbogbo omi tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ń gbé nínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan, ó ń mí láìṣiṣẹ́.

Ohun tí a ṣe

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó tẹ̀lé e, tí ó sì jẹ́ òtítọ́ pọ́nbélé: bí oníbodè bá ti pọ̀ jù, kí a ta ẹrù ní bodè kejì. Epìyà tí adágún ìsàlẹ̀ lè ṣe ju ìlọ́po mẹ́rin àrọ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde lọ, àwọn ènìyàn sì ń ra epìyà ní ọjà bí ó bá ti tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ìdí tí ti Ẹ̀gbọ́n kò fi tóbi ni ọmọ bíbí. A fa omi náà gbẹ, a fi ọ̀sẹ̀ méjì sá ẹrẹ̀ rẹ̀, a sì kó akọ epìyà nìkan padà sínú rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti kọ́ ọmọ wọn ọkùnrin bí a ṣe ń wo ìdí ẹja láti dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo. Ìgbẹ́ adìyẹ dín kù sí ìwọ̀n tí ẹni tó bá ti apá bọ omi yóò fi rí ọwọ́ rẹ̀ títí omi yóò fi sún mọ́ ìgbúnwọ́. Bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ méjì, wọn kò da nǹkan kan sí i.

Èyí tó kù ni ẹ̀sùn tí Ẹ̀gbọ́n fi kan àwọn tó ta ọmọ ẹja fún wọn, wọn kò sì tíì jẹ́ kí ó lọ. Mo ní kí a fi dán an wò. A na àwọ̀n sí igun kan nínú adágún òkè, a kó àrọ̀ 62 tí kò sanra wọ̀nyẹn sínú rẹ̀ lọ́tọ̀, kílò 13 gbáko, a sì ń fún wọn ní oúnjẹ inú àpò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nínú oṣù Kọkànlá, mo padà lọ sí Ìta-Ògbólú. Kílò 30 oúnjẹ ni wọ́n ti jẹ. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ sára sìkélì lábẹ́ igi ọsàn náà, wọ́n dúró títí ọwọ́ sìkélì fi fara balẹ̀ sórí 37, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n tún gbé e kọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́tàdínlógójì ṣì ni. Wọ́n fa fóònù wọn yọ lápò, wọ́n sì pe àwọn tó ta ọmọ ẹja fún wọn láti bèèrè iye tí 300 mìíràn yóò jẹ́.